Fílítà afẹ́fẹ́ tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́ lára alùpùpù: ọkọ̀ mi ń wúkọ́, kí ni mo ṣe sí i?

Táyà_Méjì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí alùpùpù. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ ara mi ba ọkọ̀ mi jẹ́.

150cc ni alùpùpù mi, kabúrétọ̀ ló sì ń lò, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Fílítà tó bá a wá ti gbó, bébà rẹ̀ ti ń ya létí. Ni mo bá ra fílítà olókòtó, èyí tí wọ́n máa ń ki bọ ẹnu kabúrétọ̀ tààrà láìlo àpótí fílítà. Ẹni tó tà á fún mi ní ọkọ̀ á máa sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo tú àpótí kúrò pẹ̀lú agbára díẹ̀, mo ki olókòtó bọ̀ ọ́, mo fi kílíìpù dè é pinpin. Mo tẹ sítáátà, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn rẹ̀ sì ki dáadáa.

Àmọ́ bí mo bá yí ọwọ́ iná lójijì kó lè sáré, á wúkọ́, á fẹ́ kú, kó tó wá gbéra. Bí mo bá dẹwọ́ iná níbi ìdagẹ̀rẹ̀, á máa yìnbọn nínú sílẹ́ńsà. Bó bá dórí eré, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan di ọkọ̀ mú látẹ̀yìn. Bí mo bá sì dúró, sìlóò rẹ̀ (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí èèyàn kò fún un níná) á ga fíofío fúngbà díẹ̀ kó tó walẹ̀. Mo tú pílọ́ọ̀gì wò lónìí, ẹnu rẹ̀ funfun bí egungun.

Ṣé fílítà ni kò dáa, àbí èmi ni mo fi sí i lódì? Kí n dá àpótí padà ni?

Ọmọ_Sípánà

Kọ́kọ́ jẹ́ kó sinmi ná. Pílọ́ọ̀gì tó funfun báyẹn, afẹ́fẹ́ ń wọlé ju epo lọ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tí epo kò ká máa ń gbóná kọjá bó ṣe yẹ, bí o bá sì fi sáré lọ sọ́nà jíjìn, orí písítìn lè yọ́. Bí àpótí àti fílítà àtijọ́ bá ṣì wà nílé, dá wọn padà sí i kó o lè máa rí nǹkan gùn títí ọ̀rọ̀ yìí á fi lójú.

Bàbá_Kabúrétọ̀

Fílítà kò bàjẹ́. Ohun tí ẹni tó tà á fún ọ kò sọ ni pé fílítà àti kabúrétọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Bí o bá pààrọ̀ ọ̀kan, dandan ni kó o tún èkejì tò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ilé tí fílítà ń gbé lásán ni àpótí dúdú yẹn. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ẹnu kékeré rẹ̀ wọlé á kọ́kọ́ fara balẹ̀ nínú rẹ̀ bí omi inú ìkòkò kí kabúrétọ̀ tó fà á. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì kì í fi mọ̀ pé atẹ́gùn ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ tàbí pé o ń sáré. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba inú àpótí yẹn kọjá ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ wò kí wọ́n tó yan jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ihò kékeré tí epo ń gbà nínú kabúrétọ̀, sí i. Nígbà tó o gbé e kúrò, o ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ihò tí epo ń gbà kò fẹ̀ sí i rárá. Bẹntiróòlù gíráàmù kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gíráàmù 14.7 kó tó lè jóná tán láìṣẹ́ nǹkan kan kù. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà lẹ́nu iṣẹ́ líle, kí afẹ́fẹ́ tiẹ̀ dín kù sí nǹkan bíi 13 ló ń fẹ́. Tìrẹ ti kọjá 14.7 lọ fíìfíì.

Wàyí o, ibi tí ọwọ́ iná wà ló máa sọ ohun tó yẹ kó o tún ṣe. Lẹ téèpù funfun mọ́ ọwọ́ iná, fi bírò fa ìlà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó o pín in sí mẹ́rin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìlà kìíní, jẹ́ẹ̀tì kékeré àti síkúrù ẹ̀gbẹ́ kabúrétọ̀ ló ń ṣàkóso. Láti ìlà kìíní dé ìkẹta, abẹ́rẹ́ inú kabúrétọ̀ ni. Láti ìkẹta dé òpin, jẹ́ẹ̀tì ńlá ni. Gùn ún lọ gùn ún bọ̀, kó o wo ìlà tó ti ń ṣàìsàn. Ẹni tí kò bá ṣe èyí kò ní yéé pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì ńlá fún àrùn tó ti ọ̀dọ̀ jẹ́ẹ̀tì kékeré wá.

Jẹ́ẹ̀tì ńlá ni kó o kọ́kọ́ mú. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Bí tìrẹ bá jẹ́ 100, lọ sí 105, gùn ún, tú pílọ́ọ̀gì wò. Bí kò bá tíì tó, lọ sí 110. Má ṣe fò fẹ̀rẹ̀ láti 100 bọ́ sí 130 torí pé ẹnì kan ní ibẹ̀ ni tòun dé. Nọ́ńbà Keihin àti ti Mikuni kì í sì í ṣe ọ̀kan náà, má fi ìkan wọn ìkejì.

Lẹ́yìn ìyẹn lo máa kan abẹ́rẹ́. Kílíìpù kékeré kan wà lórí rẹ̀ tó ń há sínú kọ̀ǹgọ́, ìyẹn ojú gígé tí wọ́n gé sára abẹ́rẹ́. Bó o bá sún kílíìpù náà sísàlẹ̀, abẹ́rẹ́ á ga sókè, epo á pọ̀ sí i. Kọ̀ǹgọ́ kan péré lẹ́ẹ̀kan. Bí abẹ́rẹ́ tìrẹ kò bá ní kọ̀ǹgọ́, wáṣà tín-ínrín lábẹ́ orí rẹ̀ á ṣe iṣẹ́ kan náà.

Síkúrù ẹ̀gbẹ́ ló máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Bó bá wà lápá ibi tí fílítà wà, afẹ́fẹ́ ló ń dì: bó o bá lọ́ ọ wọlé, epo á pọ̀. Bó bá wà lápá ẹ́ńjìnnì, epo ló ń dì: bó o bá tú u jáde, epo á pọ̀. Kó o tó tú u kúrò, rọra lọ́ ọ wọlé dópin kó o máa ka ìyípo rẹ̀, kó o kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí gbogbo nǹkan bá dojú rú, ohun tó o kọ yẹn ni wàá fi padà sílé.

Ohun kan tún kù. Ṣí ìdérí orí kabúrétọ̀ wò. Bó o bá rí rọ́bà fẹ́lẹ́ kan bí awọ ìlù níbẹ̀, a jẹ́ pé fífà tí ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ ló ń gbé abẹ́rẹ́ sókè, kì í ṣe wáyà ọwọ́ iná. Irú ìyẹn máa ń nílò àpótí rẹ̀ ju irú kejì lọ. Ó ṣeé tò pẹ̀lú olókòtó, ṣùgbọ́n á gba sùúrù.

Ìyá_Ojúpópó

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo fara mọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí ra jẹ́ẹ̀tì kankan báyìí. Ó ní òun fi agbára tú àpótí kúrò lẹ́nu kabúrétọ̀. Ó ní sìlóò ń ga fíofío kó tó walẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yà gba ẹ̀gbẹ́ ni kó kọ́kọ́ wá.

Ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí níyà rí, mi ò sì fẹ́ kó jẹ ẹlòmíràn. Fílítà òwú tó ṣeé fọ̀, èyí tó ń wọ inú àpótí iléeṣẹ́, ni mo rà sí alùpùpù mi àkọ́kọ́. Mò ń fọ̀ ọ́, mò ń fi ọ́ìlì rẹ̀ sí i bí ìwé rẹ̀ ṣe wí. Kò pé ọdún kan tí èéfín búlúù fi ń jáde, tí mo wá ń bu ọ́ìlì sí ẹ́ńjìnnì lemọ́lemọ́. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, ó ní kí n fi èékánná wọ́ ara sílíńdà láti ọ̀tún sí òsì. Èékánná mi ń kọ́ bó ṣe ń lọ, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Iyanrìn ló fá a bẹ́ẹ̀. Ríǹgì ti jẹ tán. Ó wá yọ rọ́bà tó so àpótí mọ́ kabúrétọ̀, ó ní kí n ki ìka bọ̀ ọ́. Ohun tó tẹ̀ lé ìka mi jáde kúnná bí àtíkè.

Kì í ṣe pé òwú fílítà já. Ní igun kan ṣoṣo, etí rẹ̀ kéré ju ojú ibi tó jókòó sí lọ, kò ju sísanra èékánná lọ. Gbogbo eruku kàn ń gba igun yẹn kọjá, òwú tó dáa yẹn wà níbẹ̀ tí ń wòran.

Láti ìgbà yẹn, èyí ni mò ń ṣe. Kí n tó fi fílítà tuntun sí àpótí, màá gbé e lé ti àtijọ́, etí kan etí, igun kan igun. Màá fi gíríìsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa etí àpótí yípo, màá gbé fílítà lé e, màá de ìdérí rẹ̀ pátápátá, màá tún tú u. Bí àmì gíríìsì bá yí etí fílítà po láìjá níbì kankan, ó jókòó dáadáa nìyẹn. Ibi tí àmì bá ti já ni eruku á gbà. Bí mo bá gùn ún tó 200 km, màá fi aṣọ funfun nu inú rọ́bà ọrùn, lápá tó wà lẹ́yìn fílítà. Aṣọ gbọ́dọ̀ jáde ní funfun. Bó bá ní àwọ̀ eruku, mi ò ní gun ọkọ̀ náà lọ síbì kankan mọ́ títí màá fi rí ibi tó ti ń wọlé.

Bàbá_Kabúrétọ̀

Ìyá, òótọ́ lẹ sọ, èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ mú ìyẹn wá. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ sìlóò tó ń ga sí.

Táyà_Méjì, ibi méjì ni afẹ́fẹ́ ti lè yà, iṣẹ́ ibi tí wọ́n ń ṣe sì yàtọ̀. Bó bá jẹ́ láàárín fílítà àti kabúrétọ̀, eruku ló ń wọlé, ìyà tí Ìyá jẹ nìyẹn. Bó bá jẹ́ láàárín kabúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ tí kabúrétọ̀ kò rí ló ń wọlé, kò sì sí bó ṣe lè wá epo sí ohun tí kò rí. Èyí ni pílọ́ọ̀gì á fi funfun, tí sìlóò á fi máa ga. Kò sí jẹ́ẹ̀tì tó lè wo ìyẹn sàn.

Bó o ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wà ní sìlóò, bu omi sínú ike ìfúnmi, kó o máa fún un díẹ̀díẹ̀ sára rọ́bà tó so kabúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, yípo kílíìpù rẹ̀. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà nígbà tí omi kan ibì kan, ibẹ̀ ni. Má lo bẹntiróòlù, má sì lo ohun tó lè gbiná, ẹ́ńjìnnì gbóná, iná pílọ́ọ̀gì sì wà nítòsí. Pa ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kó tutù, kó o wá tú rọ́bà náà, tẹ̀ ẹ́ síwá-sẹ́yìn nínú ìmọ́lẹ̀. Sísán rẹ̀ kì í hàn bí o kò bá tẹ̀ ẹ́.

Táyà_Méjì

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ṣe ti omi láàárọ̀ yìí. Nígbà tí mo fún un sí abẹ́ rọ́bà, lápá ibi tí ojú kì í tó, ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn, ó tún gbéra. Mo tú u. Ìlà kan wà lábẹ́ rẹ̀, bí mo sì ṣe tẹ̀ ẹ́, ó la ẹnu bí ẹja. Mo gbà pé nígbà tí mò ń fi agbára tú àpótí kúrò ni mo lọ́ kabúrétọ̀, tí rọ́bà tó ti gbó sì sán.

Mo tún wo ẹnu fílítà fúnra rẹ̀. Mo fi rúlà wọn ẹnu kabúrétọ̀ láti ìta: 38 mm. Ihò fílítà: 42 mm. Kílíìpù tí mo dè pinpin ló ká rọ́bà fílítà pọ̀, ó sì fi ìṣẹ́po kan sílẹ̀ tí mo lè ti orí ìṣáná bọ̀.

Mò ń wá rọ́bà tuntun báyìí. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kí n wá olókòtó oní 38 mm ni, àbí kí n dá àpótí padà, kí n wá fílítà tó dáa sínú rẹ̀? Bébà, òwú, fóòmù, èwo ni?

Eruku_Ò_Dẹ́rù_Bà_Mí

Ọ̀nà eruku ni mò ń gbà lójoojúmọ́, fóòmù ni mo sì ń lò, nítorí náà ibẹ̀ ni màá ti sọ̀rọ̀.

Bébà ń mú eruku dáadáa, kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ ju pé kó o pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ìwé ọkọ̀ bá sọ. Àwọn bébà kan wà tí iléeṣẹ́ ti fi ọ́ìlì sí lára. Ìyẹn kì í ṣeé fọ̀, kì í ṣeé fẹ́ atẹ́gùn sí, bó bá dọ̀tí, ìtúlẹ̀ ni. Òwú tí wọ́n ń fi ọ́ìlì sí, irú èyí tí iléeṣẹ́ K&N mú gbajúmọ̀, ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá fàlàlà, ó sì ń pẹ́, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ fọ̀ ọ́. Fóòmù ń gba eruku púpọ̀ sára kó tó dí, ìdí tí àwọn tó ń gba inú igbó fi ń lò ó nìyẹn.

Fóòmù tí kò ní ọ́ìlì kì í ṣe fílítà. Ọ́ìlì tó ń lẹ̀ lára rẹ̀ ló ń mú eruku kéékèèké. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́, tàbí ohun tí wọ́n ṣe fún un. Mi ò ní fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ láé, ó ń jẹ gọ́ọ̀mù tó so ojú ìrán fóòmù pọ̀, ọjọ́ kan á ya lórí ìrìn láìjẹ́ pé o mọ̀. Màá fún un mọ́wọ́, mi ò ní lọ́ ọ bí aṣọ, torí bí èèyàn bá lọ́ ọ, á ya. Màá jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ òjìji títí kò fi ní sí ọ̀rinrin kankan níkùn rẹ̀. Ọ́ìlì kò ní wọ ibi tí omi bá wà.

Ibi ọ́ìlì ni mo ti máa ń lo àkókò jù. Màá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, màá ta ọ́ìlì fílítà sí fóòmù, màá kó o sínú ọ̀rá, màá máa tẹ̀ ẹ́, màá máa fún un, bí ẹni po nǹkan, títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dọ́gba láti ẹ̀yìn dé inú. Ibi tó bá ṣì funfun kò tíì mu. Ibi tó bá ń kán tó-tó-tó ti mu yó. Lẹ́yìn ìyẹn, màá fi sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ kó lè lẹ̀ dáadáa kí n tó fi sọ́kọ̀. Bí o bá fi sí i nígbà tó ṣì ṣàn, ẹ́ńjìnnì á fà á mu, abọ́ àpótí á sì kún fún ọ́ìlì.

Èrò tèmi nípa ìbéèrè rẹ: dá àpótí padà. 150cc ni. Ohun tí olókòtó máa fi kún agbára rẹ̀ kéré débi pé ariwo ló máa jẹ́ kó dà bíi pé ó pọ̀.

Ọ̀nà_Jíjìn

Mi ò gbà pẹ̀lú ẹni tó sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn tán. Olókòtó ni mò ń gùn láti ọdún mẹ́fà, ẹ́ńjìnnì mi kò ṣí. Àǹfààní kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu kàn: àyè. Bí àpótí bá ti kúrò, yíyọ kabúrétọ̀ kì í le mọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni màá fi gbé e bọ́ sọ́wọ́. Fún ẹni tó ń tún ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣe, nǹkan ńlá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí àpótí ń ṣe tó o gbọ́dọ̀ wá ohun mìíràn rọ́pò. Họ́ọ̀sì kan ń ti ẹ́ńjìnnì wá sínú àpótí, òun ni ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Bó o bá tú àpótí, má di họ́ọ̀sì yẹn o! Bó o bá dì í, èémí inú ẹ́ńjìnnì á wá ọ̀nà mìíràn, á ti ọ́ìlì jáde níbi oríṣiríṣi síìlì. Fílítà kékeré tí wọ́n ṣe fún un wà, fi sí ẹnu rẹ̀, kó o so ó mọ́ ibi tó ga, kó má kọjú sí táyà ẹ̀yìn.

Èkejì, òjò. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gba inú òjò kọjá, omi tí táyà ń ta sókè lu fílítà, ọkọ̀ sì ń gbọ̀n títí mo fi dé. Mo wá gé ike pẹlẹbẹ kan, mo dè é sáàárín táyà ẹ̀yìn àti fílítà, mo sì ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fóòmù fún fílítà bí òjò bá ń bọ̀. Èyí ń dín afẹ́fẹ́ kù, a gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí omi bá ti máa ń mu èèyàn dé oríkèé ẹsẹ̀, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó lo olókòtó níbẹ̀.

Ọmọ_Sípánà

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ òjò yẹn. Àpótí iléeṣẹ́ ní họ́ọ̀sì kékeré kan nísàlẹ̀ tó ń gba omi àti ọ́ìlì sílẹ̀, ó sábà máa ń ní ìdérí. Ẹni tó bá dá àpótí padà kó rántí ṣí i, kó da ohun tó wà níbẹ̀ nù, kó sì dé e padà. Bí ìdérí yẹn bá sọnù, eruku lè gba ibẹ̀ wọlé.

Wáyà_Pupa

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tí ọkọ̀ wọn kì í lo kabúrétọ̀, torí àwọn náà á ka èyí. Bí alùpùpù bá jẹ́ èyí tó ń fún epo fúnra rẹ̀, tó sì ní sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń yẹ èéfín wò) nínú sílẹ́ńsà, bréènì-bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, lè mọ̀ pé afẹ́fẹ́ pọ̀, kó sì fi epo kún un, ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ, nígbà tó o bá sì ń rìn jẹ́jẹ́ nìkan ni. Bó o bá fún un níná dópin, kì í fetí sí sẹ́ńsọ̀ yẹn mọ́, ohun tí wọ́n kọ sí i lórí nìkan ló ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, fílítà tó wọ inú àpótí iléeṣẹ́ kì í sábà fa wàhálà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ àpótí nù, tó tún pààrọ̀ sílẹ́ńsà, á nílò kí wọ́n tún epo rẹ̀ tò nínú bréènì-bọ́ọ̀sì, tàbí kí wọ́n so ohun tó ń ṣe é mọ́ ọn.

Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe gbóná tó wà lára àpótí. Bó o bá tú àpótí, má fi í sílẹ̀ kó máa fì sókè ẹ́ńjìnnì. Họ́ọ̀sì tó ń gbé afẹ́fẹ́ mímọ́ lọ sí ẹnu sílẹ́ńsà náà lè wà níbẹ̀. Bó o bá fi í sílẹ̀ láìní fílítà, eruku á wọ̀ ọ́.

Táyà_Méjì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo padà dé. Mo dá àpótí padà, mo sì ra fílítà fóòmù tí wọ́n ṣe fún un. Rọ́bà tuntun ti wà láàárín kabúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Mi ò pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì kankan.

Ohun méjì ni kí n sọ fún ẹni tó máa ṣe é lẹ́yìn mi. Nígbà tí mò ń nu àpótí, mo ki àkísà bọ ẹnu kabúrétọ̀ kí ìdọ̀tí má bàa jábọ́ sínú rẹ̀. Mo ti so àpótí padà tán, mo ti ń mú kílíìpù, kí n tó ka irinṣẹ́ àti àkísà mi tó kù ọ̀kan. Ọ̀kan tó kù wà nínú ọ̀fun kabúrétọ̀. Àyà mi já. Àkísà pupa tó gùn, tí apá kan rẹ̀ ń fì síta, ni mo wá ń lò báyìí. Èkejì, síkúrù ìdérí orí kabúrétọ̀ mi, sikurudíráfà mi kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni, ó fẹ́ jẹ ẹ́.

Bàbá_Kabúrétọ̀

Síkúrù ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Japan máa ń jẹ́ JIS (ìlànà iléeṣẹ́ ti ilẹ̀ Japan), bó tilẹ̀ dà bí Phillips, síkúrù olójú àgbélébùú tó wọ́pọ̀, lójú. Ẹnu sikurudíráfà Phillips kì í dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìdí tó fi ń yọ̀ nìyẹn. Wá sikurudíráfà JIS, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dọ́gba, á há mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ síkúrù JIS ní àmì róbótó kékeré kan lórí, òun ni wàá fi dá a mọ̀. Kó o tó tú u, fi orí sikurudíráfà tẹ síkúrù náà mọ́lẹ̀ dáadáa.

Pílọ́ọ̀gì ńkọ́?

Táyà_Méjì

Mo fi pílọ́ọ̀gì tuntun sí i, mo gùn ún dé ibi tí ọ̀nà gùn, mo fún un níná dáadáa fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo pa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ láìjẹ́ kó dúró ní sìlóò, mo tú u nígbà tó tutù. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti búrẹ́dì tó gbẹ, kò dúdú, kò funfun. Kò wúkọ́ mọ́, sìlóò sì ń walẹ̀ ní kíá. Ìbọn inú sílẹ́ńsà kù díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lórí ìdagẹ̀rẹ̀ gígùn.

Bàbá_Kabúrétọ̀

Àwọ̀ yẹn dáa. Ti ìbọn tó kù yẹn, wo ibi tí sílẹ́ńsà ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, bóyá afẹ́fẹ́ ń wọ ibẹ̀. Bí ìdọ̀tí èéfín dúdú bá wà yípo nọ́tì rẹ̀, pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì.

Ìyá_Ojúpópó

Ṣé o ti nu inú rọ́bà ọrùn?

Táyà_Méjì

Mo nu ún lánàá, lẹ́yìn 210 km. Ọ́ìlì fóòmù díẹ̀ ló wà lára aṣọ, kò sí eruku. Àmì gíríìsì náà yí etí fílítà po, àyàfi igun kan lókè tí mo ní láti tún mú ìdérí rẹ̀ le.

Ìyá_Ojúpópó

Igun yẹn gan-an ni kó o máa kọ́kọ́ wò. Kọ nọ́ńbà kìlómítà tí o nu ún sí orí téèpù tó wà lọ́wọ́ iná, kó o tún nu ún bó bá di 500.